Ọ̀fìnkìn àti Ojú Pípọ́n Ológbò: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá A Mọ̀ àti Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ṣe wá: ètè á bẹ́, imú á gbẹ, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn àpò ọjà yín dáadáa. Ológbò tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lè máa sín, kí ipin ti lẹ ojú rẹ̀ pọ̀, kó má sì fẹ́ jẹun. Àwọn kan á ní òtútù lásán ni, pé á lọ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ó ti ń kú lọ, kí wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ọjà. Kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Àìsàn tó ń ràn ni, ó lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ OLÓGBÒ?

Ẹni tó bá ń ta ẹ̀wà, àgbàdo, ọkà bàbà tàbí ẹ̀pà mọ ìdáhùn. Nínú ọjà Sabon Gari tàbí ní Dawanau ní Kánò, níbi tí wọ́n ti ń to àpò ọkà lérí ara wọn títí dé òrùlé, eku ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ohun tí eku kan jẹ lè má tó nǹkan, àmọ́ ihò tó dá sí àpò, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà sínú ọjà, ìyẹn ló ń ba owó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju owó lọ. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno pè, ara eku ló ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ló sábà máa ń gbé e dé ara èèyàn. Ológbò nìkan kò tó láti dènà rẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ máa bo oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì dí ihò ara ògiri. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ológbò, májèlé eku ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré rà, a ó sì dà á sáàárín àpò oúnjẹ tí ọmọ èèyàn máa jẹ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ológbò bá rìnrìn àjò, ilé á di ilé èkúté. Nítorí náà, ẹni tó bá tọ́jú ológbò rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti ilé rẹ̀ ló ń tọ́jú.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ GAN-AN?

Orúkọ kan la máa ń pè é, ọ̀fìnkìn ológbò, àmọ́ kòkòrò tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn dókítà ẹran ń pe ọ̀kan ní herpesvirus, wọ́n ń pe èkejì ní calicivirus. Ẹ̀kẹta kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, bakitéríà ni, Chlamydia lorúkọ rẹ̀, ojú ló sì máa ń bá jà jù. Ẹyọ kan lè mú ológbò, méjì sì lè pawọ́ pọ̀ mú un.

Ọyẹ́ kọ́ ló ń dá àìsàn náà sílẹ̀ o. Eruku àti òtútù kàn ń yún ojú àti imú ni, wọ́n sì ń mú kí ara rẹ ẹranko náà. Kòkòrò yẹn ló ń fa àìsàn. Àwọn tí kì í tètè lè gbà á mọ́ra ni ọmọ ológbò, ológbò tó ti darúgbó, èyí tí ebi ń pa, èyí tó lóyún, àti èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí.

BÁWO LẸ ṢE MÁA DÁ A MỌ̀?

Láti ọjọ́ tí kòkòrò bá wọ ara ológbò, ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 10 kí àmì tó jáde. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni sísín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á máa sín léraléra. Lẹ́yìn náà ni imú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ikun náà á nípọn, á di pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ewé. Ojú á pọ́n, á wú, á máa ṣomi, ipin á sì dì í pa. Ara rẹ̀ á gbóná, á wúgbọ, á lọ ká gúlútú síbì kan. Ohùn rẹ̀ lè há.

Èyí tó léwu jù ni pé kò ní fẹ́ jẹun. Òórùn ni ológbò fi ń mọ oúnjẹ. Bí imú bá ti dí, ẹja tó wà níwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta lójú rẹ̀.

Àwọn àmì díẹ̀ wà tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ fura sí èyí tó ń ṣe é nínú àwọn mẹ́ta náà:

Bó bá jẹ́ sísín ló pọ̀ jù, tí ojú méjèèjì pọ́n, tí kò sì lè la ojú dáadáa sí ìmọ́lẹ̀, ẹ fura sí herpesvirus. Òun ló máa ń dá egbò sórí ẹyinjú. Bí wọn kò bá tètè tọ́jú egbò yẹn, ojú lè fọ́.

Bó bá jẹ́ pé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí egbò wà lórí ahọ́n tàbí lókè ẹnu, tàbí tó ṣàdédé ń tiro láìjẹ́ pé nǹkan gbá a, ẹ fura sí calicivirus.

Bó bá jẹ́ pé ojú kan ló kọ́kọ́ wú, tí ẹran inú ìpéǹpéjú yọ síta bí ohun tí wọ́n fi omi kún, tí ojú kejì wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí sísín kò sì pọ̀, ẹ fura sí Chlamydia. Àwọn ológbò tí kò tíì pé ọdún kan ló máa ń mú jù.

Ìfura lásán lèyí o. Dókítà ẹran ló lè sọ ọ́ ní pàtó.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin tí ológbò yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ojú ọmọ ológbò máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14. Bí ojú ọmọ kan bá wú ròǹdò tí kò tíì là, tàbí tí ohun funfun ń sun jáde níbẹ̀, ọyún ló kóra jọ sẹ́yìn ìpéǹpéjú yẹn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ fipá là á. Ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

BÓ ṢE Ń RÀN

Ikun imú, omi ojú àti itọ́ ni kòkòrò yìí ń gbé. Bí ológbò bá sín, ó lè fọ́n ọn dé nǹkan bíi mítà kan. Bí wọ́n bá ń jẹun nínú abọ́ kan, tí wọ́n ń sùn lórí àpò kan, tí wọ́n ń lá ara wọn, ó ti ràn nìyẹn. Ọwọ́ wa àti aṣọ wa náà ń gbé e kiri: ẹ nu ojú èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ lọ gbé ọmọ ológbò láìfọwọ́, ẹ ti bá a gbé e débẹ̀.

Herpesvirus kì í pẹ́ níta, kì í sábà kọjá ọjọ́ kan kó tó kú. Calicivirus le jù ú lọ. Ó lè wà lára abọ́ tàbí ilẹ̀ gbígbẹ fún nǹkan bí oṣù kan. Nítorí náà, bí ológbò kan bá kú nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má tíì sáré gbé òmíràn wọlé láì tíì fọ ibẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ológbò tí herpesvirus bá ti mú, tí ara rẹ̀ sì yá, kòkòrò náà ṣì ń bẹ lára rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kàn sùn ni. Bí wàhálà bá dé bá ológbò náà, bíi kíkó ilé, ìrìn àjò, ebi, ìjà, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kòkòrò á tún jí, á sì tún máa ran àwọn tó kù. Ìdí rèé tí ìyá ológbò tó dà bíi pé kò sóhun tó ń ṣe é fi máa ń bímọ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ á wá pọ́njú.

ÌTỌ́JÚ TẸ́ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

Bí ológbò náà bá ṣì ń jẹun díẹ̀díẹ̀, tó ń mí dáadáa, tó sì lè la ojú, ìtọ́jú ilé ṣe pàtàkì púpọ̀. Ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 21 kó tó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Ẹ wá páálí tó tóbi, ẹ tẹ́ aṣọ àlòkù sí i, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ti ní máa fẹ́ lù ú. Abọ́ oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, abọ́ omi lọ́tọ̀. Àwọn tí ara wọn le ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kẹ́ ẹ tó wá sọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹ sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí ẹ bá ti ń kúrò níbẹ̀.

Ẹ máa nu ojú àti imú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Omi tẹ́ ẹ sè, tó ti tutù di lọ́wọ́ọ́rọ́, ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú òwú tó mọ́. Bí ipin bá ti dì, ẹ fi òwú tútù lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó rọ̀, ẹ má fà á ya. Ẹ nù ún láti ìhà imú bọ̀ síta. Òwú tẹ́ ẹ bá fi nu ojú ọ̀tún, ẹ má fi nu ti òsì. Ẹ jó òwú náà tàbí kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá dànù.

Bí imú bá dí, ẹ gbé e wọ ilé ìwẹ̀, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná síbẹ̀ níbi tí kò ti lè já sí i, ẹ ti ilẹ̀kùn, kó máa fa ooru náà símú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi nìkan o. Ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Oúnjẹ tó ní òórùn ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹja tútù tẹ́ ẹ sè láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i, tẹ́ ẹ yọ egungun rẹ̀, tẹ́ ẹ gbé fún un ní lọ́wọ́ọ́rọ́, ó dáa. Ooru yẹn ló ń gbé òórùn jáde. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà ọbẹ̀ àjẹkù wa kò bá a lára mu. Omi ẹja náà dáa fún un, torí ológbò tí ikun ń dà nímú rẹ̀ ń pàdánù omi ara. Bí kò bá fẹnu kan nǹkan kan fún wákàtí 24, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan tí kò jẹun, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan sì lè pa á.

OHUN TẸ́ Ẹ KÒ GBỌ́DỌ̀ LÒ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa, torí oògùn àlòjù ń pa ológbò ju ọ̀fìnkìn lọ nínú àwọn ilé mìíràn.

Parasitamọ́ọ̀: ẹ má dán an wò. Ara ológbò kò lè lọ̀ ọ́ bí ti èèyàn. Kóró ẹyọ kan tó jẹ́ miligíráàmù 500 tó láti pa á. Ẹ má fún un ní aspirin àti ibuprofen náà.

Izal àti Dettol: àwọn kan máa ń fi wẹ ológbò tó bá ń ṣàìsàn. Ológbò máa ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fi wẹ̀ ẹ́, á lá a jẹ, májèlé sì ni fún un.

Robb àti ìpara mìíràn tó ní camphor àti menthol: ẹ má fi pa á nímú. Bọ́ọ̀lù káńfọ̀ tá à ń jù sáàárín aṣọ náà kò dáa nítòsí rẹ̀.

Kẹrosíìnì, omi iyọ̀ líle, omi ọmú, omi ewé: ẹ má kán ọ̀kankan sí i lójú. Ojú tó ti legbò ni ẹ ń fi ata sí yẹn.

Oògùn ojú tó ṣẹ́ kù nílé tàbí tẹ́ ẹ rà ní kẹ́míìsì: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà dexamethasone tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń mú kí pípọ́n ojú rọlẹ̀ kíá. Ó máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí egbò bá wà lórí ẹyinjú, oògùn yẹn á jẹ́ kí egbò náà jinlẹ̀ sí i, ojú á sì fọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá egbò kékeré wà níbẹ̀. Dókítà ní omi aláwọ̀ kan tó máa ń kán sí i láti fi wò ó.

Oògùn apakòkòrò náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àdábọwọ́. Kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Dókítà lè fún un tí bakitéríà bá ti gun orí àìsàn náà. Ti Chlamydia, doxycycline ni wọ́n sábà máa ń lò, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 4, gbogbo ológbò tó wà nínú ilé ni wọ́n sì máa ń tọ́jú pọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní kóró doxycycline, ẹ rí i pé ológbò náà mu omi tàbí jẹun lé e lórí. Bí kóró náà bá há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á jó o.

ÌGBÀ TÓ YẸ KẸ́ Ẹ SÁRÉ

Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran kíá bó bá ń la ẹnu mí, torí ológbò kì í sábà la ẹnu mí bí ajá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹyinjú bá di funfun bí ìkúùkù, tí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ ológbò tí ara rẹ̀ ti tutù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nímú rẹ̀, ìyẹn lè má jẹ́ ọ̀fìnkìn rárá. Ó lè jẹ́ pé ó jẹ eku tó ti jẹ májèlé. Ẹ sọ ìyẹn fún dókítà.

Ibi tẹ́ ẹ lè lọ kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, àti ní Yunifásítì Máídúgùrì. Àwọn tó wà ní agbègbè Jọ́ọ̀sì mọ ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, tó ti wà láti ọdún 1924. Ọ́fíìsì dókítà ẹran ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye ológbò tó wà nílé, àti gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò. Ẹ má fi èyíkéyìí pa mọ́.

ṢÉ Ó LÈ RAN ÈÈYÀN?

Ìbéèrè tí àwọn ìyá ọmọ máa ń béèrè jù nìyí. Herpesvirus àti calicivirus ti ológbò kì í mú èèyàn. Wọn kì í ṣe Àpólò tó ń mú wa lójú. Àpólò jẹ́ ti èèyàn, ọdún 1969 tí Apollo 11 gbé èèyàn dé orí òṣùpá ló bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Chlamydia ti ológbò lè mú ojú èèyàn pọ́n, àmọ́ kò wọ́pọ̀. Ẹ fọwọ́, ó tán.

Ohun méjì ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Èkínní ni dìgbòlugi. Ológbò náà lè ní in, kì í ṣe ajá nìkan. Itọ́ tó ń dà lẹ́nu lè jẹ́ ti calicivirus, ó sì lè jẹ́ ti dìgbòlugi. Bí ìwà ológbò bá yí padà, tó ń kọlu èèyàn, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹnu rẹ̀. Bó bá bu èèyàn jẹ tàbí ha èèyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Dìgbòlugi kò ní oògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti jáde lára èèyàn.

Èkejì ni àìsàn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu. Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n rí i ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà. Ológbò lè kó o bó bá jẹ adìẹ tó ní in. Bí adìẹ bá ṣàdédé kú, ẹ má jù ú fún ológbò. Bí ológbò tó jẹ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ bá wá ń mí fúkẹfúkẹ, ẹ pe dókítà ẹran, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

ÀJẸSÁRA ÀTI ÌMỌ́TÓTÓ

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún mẹ́ta pọ̀: herpesvirus, calicivirus, àti àìsàn inú rírun tó máa ń pa ọmọ ológbò. Láti bí ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ọdún kan. Kì í ní kí ọ̀fìnkìn má ṣe é rárá, àmọ́ kì í jẹ́ kó le dé ojú ikú. Ti dìgbòlugi wà lọ́tọ̀, láti bí oṣù 3. September 28 ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ dókítà ẹran sì máa ń lo àsìkò yẹn láti gún un. Ẹ máa fetí sí rédíò.

Ológbò tuntun tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kó tó dára pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ibi tí aláìsàn bá ti sùn, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ po Hypo tàbí Jik ife kan mọ́ omi ife 32, ẹ fi nu ilẹ̀ àti abọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣàn án, kó gbẹ. Ológbò kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni pé ẹ lè gbé e kalẹ̀ nípàdé oṣù. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún tó ní ṣọ́ọ̀bù lè pawó jọ, kí wọ́n bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ kó wá gún àwọn ológbò yìí lọ́jọ́ kan. Kálukú ni kó gbé tirẹ̀ wá nínú páálí tirẹ̀. Èyí tó bá ń sín, kó dúró sílé, kí dókítà lọ bá a níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láàárín wa, bí ológbò bá pọ́njú, tí ohùn rẹ̀ há, tó wá ń ké lóru, kíá la máa ń ní àjẹ́ ni, àwọn kan á sì lù ú pa. Ojú tó pọ́n yẹn, kòkòrò ló wà níbẹ̀. Ohùn tó há yẹn, ọ̀fun ló ń dùn ún. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i kẹ́ ẹ tó gbé igi. Bẹ́ ẹ bá rí ipin àti ikun, omi lọ́wọ́ọ́rọ́, òwú àti dókítà ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́.